Ìjà Ali àti Foreman

Ẹ bi àwọn àgbà tó fẹ́ràn ìjà ẹ̀ṣẹ́ léèrè: wọn kò gbàgbé ìjà Ali àti Foreman. Ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1974 ni. Ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dahomey. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì yìí pàdé ní Kinshasa, ní ilẹ̀ Zaire, tí à ń pè ní Kóńgò báyìí. Mílíọ̀nù 5 dọ́là ni owó ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ali jẹ́ ẹni ọdún 32, Foreman jẹ́ 25. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Foreman yóò ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n Ali fẹ̀yìn ti okùn, ó fọwọ́ bojú, ó jẹ́ kí Foreman máa lù ú títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n lu agogo kẹjọ, Ali gbé e ṣánlẹ̀.

Ẹ wò ó: alágbára ṣubú, onísùúrù dúró.