Ìlà Òòró Tó Gba Ilẹ̀ Kétu Kọjá

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìlaròó tẹ́ pépà gíráàfù síwájú, ó mú rúlà. Ó fa ìlà kan ní ìbú, ó fa èkejì lóòró. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni òdo. Tíṣà ní kó fa ìlà tí x jẹ́ 3 lórí rẹ̀. Ó ka ojú ilé mẹ́ta sí ọ̀tún, ó fa ìlà náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kò sí ìdí tí yóò fi bi pépà bóyá ẹnikẹ́ni ń gbé lójú ọ̀nà.

Irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ní Párísì, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ, ọdún 1889. Wọ́n ní ìlà òòró tó gba ibi odò Àjàrá kọjá ní ilẹ̀ Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ni kó jẹ́ ààlà. Kó máa lọ sí àríwá títí dé dígírì 9, kó dúró níbẹ̀. Ìpókíá, tí wọ́n kọ sínú ìwé náà ní Pokrah, bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣèjọba Èkó.

Ẹ wò ó dáadáa. Nọ́ńbà ni wọ́n fi sàmì sí òkè, odò ni wọ́n fi sàmì sí ẹ̀gbẹ́. Ní ti òkè, kò sí àríyànjiyàn: ìlà tó pín ayé sí méjì ọgbọọgba, àríwá àti gúúsù, ni òdo gbogbo ènìyàn. Ẹ̀gbẹ́ ni wàhálà wà. Lọ́dún 1884, ní Washington, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbà pé Greenwich ni kí wọ́n ti máa kà. Faransé kò dìbò, Párísì ló ṣì ti ń kà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Párísì sì fi dígírì 2 àti mínítì 20 wà ní ìlà-oòrùn Greenwich. Àjàṣẹ́ tó wà ní dígírì 2 àti mínítì 37 lójú Gẹ̀ẹ́sì, mínítì 17 péré ni lójú Faransé. Odò ní tirẹ̀ kò bá ẹnì kankan jiyàn.

Àmọ́ ìlú kì í ṣe ojú ilé orí pépà. Kétu àti ọba rẹ̀, Alákétu, bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó ka Kétu sí orírun, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ààlà la Ìlárá pàápàá sí méjì, apá kan ní Nàìjíríà, apá kejì ní Benin. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, tó kọ ìtàn ilẹ̀ yìí lábẹ́ ìjọba òyìnbó méjèèjì sínú ìwé tó jáde lọ́dún 1976. Ní 1906 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn mìíràn lórí ààlà náà. Nígbà tí ààlà náà bá sì dé apá òkè, odò Okpara ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rúlà.

Lónìí, fóònù lè sọ fún ará Ìlaròó pé dígírì 6 àti mínítì 53 ní àríwá, dígírì 3 àti mínítì 1 ní ìlà-oòrùn, ló wà. Ìlú Ayétòrò wà ní dígírì 7 àti mínítì 14 ní àríwá, dígírì 3 àti mínítì 2 ní ìlà-oòrùn. Orí ìlà òòró kan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wà. Mínítì 21 ló wà láàárín wọn. Mínítì kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 2, nítorí náà bí kìlómítà 39 ni fún ẹyẹ tó ń fò. Ọkọ̀ ní tirẹ̀ yóò tẹ̀ lé kọ́nà.

Ṣùgbọ́n tíṣà ìṣirò a máa ka ti ẹ̀gbẹ́ ṣáájú ti òkè, òkè ni àwọn ayàwòrán ilẹ̀ ń kọ́kọ́ kà. Ẹni tó bá gbé nọ́ńbà Ayétòrò sódì, tó fi 3 ṣe òkè, tó fi 7 ṣe ẹ̀gbẹ́, àárín òkun ni yóò bá ara rẹ̀, ní gúúsù Bonny.