Ọṣẹ Ló Kọ́kọ́ Wọnú Eré

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ní Àfọ̀n, màmá mi ń wo fíìmù Yorùbá lórí YouTube. Ìpolówó yọjú, wọ́n fò ó kíá. Kò pẹ́, ìyàwó ilé inú fíìmù náà gbé ike òróró kan sókè, ó ń yìn ín fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Màmá mi ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀. Kò sí.

Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Láyé 1930 sí 1939, àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ní Amẹ́ríkà, bíi Procter & Gamble, ló ń sanwó eré rédíò tí àwọn ìyàwó ilé ń gbọ́ lọ́sàn-án. Ibẹ̀ ni orúkọ "soap opera" ti wá. Lọ́dọ̀ tiwa, báńkì UBA ló gbówó kalẹ̀ fún Cockcrow at Dawn, eré iṣẹ́ àgbẹ̀ orí NTA, ní 1980.

Ní 2010, YouTube gbé bọ́tìnnì dé: tí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún bá pé, fo ìpolówó. Inú wa dùn. Àmọ́ èmi tí mò ń ṣe fídíò, oníbàárà kan ti bi mí rí pé: "Ṣé o lè fi ọjà wa sáàárín ọ̀rọ̀ wọn, kí wọ́n má lè fò ó?" Mo gbà. YouTube ní kí ẹni tó bá gbowó bẹ́ẹ̀ sọ ọ́, kí àkọlé kékeré kan lè hàn níbẹ̀rẹ̀ fídíò. Mo sọ ọ́, ká má purọ́. Màmá mi kò tíì kíyè sí irú àkọlé bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì tí mò ń lọ sí Ayétòrò, òróró yẹn ni wọ́n ní kí n rà bọ̀.