Ẹ̀rúnmu Kí Ìbàdàn Tó Dé

Àwọn ará ìgboro Ìbàdàn a máa wí pé àwọn ń lọ sí oko nígbà tí wọ́n bá doríkọ Ẹ̀rúnmu, Lálúpọn tàbí Àkànrán, bí ẹni pé kò sí ohun mìíràn rí ní gbogbo ilẹ̀ náà ju ebè àti ahéré lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ìtàn wò, a ó rí i pé Ẹ̀rúnmu ti jẹ́ ìlú gidi, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ìlú abẹ́ Olówu, ọba Òwu, nígbà tí Ìbàdàn Mesíọ̀gọ̀ tí à ń kì lónìí ṣì jẹ́ ìletò kékeré láàárín àwọn Ẹ̀gbá Gbágùúrá.

Ọjà Apòmù ni ọ̀ràn tó fọ́ Òwu ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ń jí ọmọ Ọ̀yọ́ tó wá nájà níbẹ̀ gbé tà. Òwu dìde láti fìyà jẹ àwọn ìlú Ifẹ̀ tí ọ̀ràn náà kàn, ni Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú bá parapọ̀ sí i, àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé nílé sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ìjẹ̀bú gbé ìbọn wá. Àgẹ̀dẹ̀ǹgbẹ́ ni Òwu fi ń jà. Nǹkan bí ọdún márùn-ún ni wọ́n fi sàga ti Òwu, ìyàn sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ìlú fi ń jẹ àwùjẹ tí à ń pè ní pọ́pọ́ǹdó, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí oúnjẹ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀tá sì fi í kọrin bú wọn. (Èmi tí mo ti jẹ pọ́pọ́ǹdó tí ata àti epo rẹ̀ pé kò rí ohun ẹ̀gàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n níbo ni ẹni tí a sé mọ́lé yóò ti rí epo?)

Nígbà tí Òwu fọ́, ní nǹkan bí 1825, Ẹ̀rúnmu ni Olówu Akínjọbí sá lọ. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọkùn, ara ò radìyẹ. Àwọn ológun tó fọ́ Òwu kò padà sílé; wọ́n ń jẹ ilẹ̀ Ẹ̀gbá run láti ìlú dé ìlú, títí wọ́n fi dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí 1829, tí Máyè Okùnadé ará Ifẹ̀ jẹ́ olórí wọn. Ìjà bẹ́ láàárín Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́ nínú ibùdó náà; Kúrunmí Ìjàyè gbe Ọ̀yọ́, Máyè sì kú nínú ogun Gbánamú. Lẹ́yìn èyí ni Ìbàdàn kọjú sí Ẹ̀rúnmu, ó sì kó o.

Àlùfáà Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn ológun náà kò jẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pa ọba aládé, ẹrú kan ni wọ́n sì ní kó yìnbọn fún Olówu. Wọ́n yí odò Ọ̀ṣun kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, wọ́n sin òkú ọba sí ìsàlẹ̀ odò, wọ́n sì dá omi padà lé e lórí. Èyí fi hàn mí pé àwọn aṣẹ́gun náà mọ ìwọ̀n ohun tí wọ́n ṣe.

Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ yìí ti di oko àwọn olóyè ogun Ìbàdàn. Báṣọ̀run Olúyọ̀lé fúnra rẹ̀, tó kú ní 1847, ní oko ilá lọ́tọ̀, ti ẹ̀wà lọ́tọ̀, ti àgbàdo àti iṣu lọ́tọ̀; ọjọ́ tí ó bá sì kó ọ̀kan wọn wá sọ́jà, àgbẹ̀ mìíràn kò gbọdọ̀ tà á. Nígbà tí ogun Kírìjì parí, kòkó gba ipò ogun lọ́wọ́ àwọn ọmọ olóyè wọ̀nyí. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì gba Lálúpọn kọjá dé Òṣogbo ní 1907. Ní 1944 ni wọ́n rí àrùn tó ń wú ẹ̀ka kòkó ní agbègbè Ìbàdàn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì wá ń gé igi tí àgbẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú.

Ẹ̀rúnmu tún padà di ìlú. Nígbà tí ìjọba yọ Ẹgbẹ́dá kúrò lára Lágelú ní 1989, abẹ́ Ẹgbẹ́dá ló bọ́ sí, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní.