Ìwé Plato àti Ilẹ̀ Igbó Olókun

Ẹ̀kọ́ méjì kan wà ní yunifásítì tí àwọn òbí kì í fẹ́ kí ọmọ wọn kà. Èkíní ni ẹ̀kọ́ ìwalẹ̀pìtàn, èyíinì ni wíwa ilẹ̀ láti fi mọ bí àwọn ará ìgbàanì ti gbé ilé ayé. Èkejì ni Kíláásíìsì, ẹ̀kọ́ nípa èdè, ìwé àti ìṣe àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́. Ní Ìlúpéjú tí mò ń gbé, láàrin ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti ariwo ẹ̀rọ, bí ọmọ bá ní ọ̀kan nínú wọn ni òun fẹ́ kà, wọn a bi í léèrè irú iṣẹ́ tí yóò fi ṣe. Bí ó bá ní òun fẹ́ ka méjèèjì pọ̀, wọn a ránṣẹ́ pe àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kí wọ́n wá bá a sọ̀rọ̀. N kò bá wọn jiyàn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ wò.

Ní ìparí ọdún 1910 ni Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀. Ó wa ilẹ̀ ní Igbó Olókun. Ó rí àwọn orí tí a fi amọ̀ mọ, ó rí ìkòkò tí a fi ń yọ́ gíláàsì, ó sì rí orí idẹ kan tí ó dé adé, èyí tí a mọ̀ sí Orí Olókun lónìí. Ó fẹ́ fi owó táṣẹ́rẹ́ gba orí náà lọ. Àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ọ̀hún, tí wọ́n sì mú kí ó dá a padà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìtàn tí ó kọ. Ó ní iṣẹ́ náà dára ju èyí tí àwọn baba wa lè ṣe lọ. Ó ní àwọn ará Atlantis tí Plato sọ̀rọ̀ wọn ni wọ́n tẹ̀ dó sí Ifẹ̀, àti pé Poseidon, òrìṣà òkun àwọn ará Gíríìsì, ni à ń pè ní Olókun.

Ta ni ì bá dá a lóhùn? Ẹni tí ó ka Plato dáadáa yóò mọ̀ pé inú ìwé méjì péré ni ìtàn Atlantis ti wá, Timaeus àti Critias, àti pé Plato kò tilẹ̀ parí èkejì. A kò rí òǹkọ̀wé Gíríìkì kan ṣáájú rẹ̀ tí ó mẹ́nu bà á. Onímọ̀ ọgbọ́n orí ni Plato. Ó fẹ́ fi hàn bí ìlú kékeré tí ó ní ìwà ṣe lè borí ìlú ńlá tí ìgbéraga wọ̀ lẹ́wù ni ó fi pa ìtàn náà. Ẹni tí ó ń wá Atlantis kiri dà bí ẹni tí ó gbọ́ àlọ́ tán, tí ó wá di ẹrù pé òun ń lọ sí ìlú àna Ìjàpá.

Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kò tó. Ó kù kí ilẹ̀ náà sọ tirẹ̀. Ní ọdún 1938, àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, kan àwọn orí mìíràn. Òmíràn nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì bàbà, bẹ́ẹ̀ bàbà sì nira láti dà ju idẹ lọ. Frank Willett wa ilẹ̀ Ìta Yemòó láti ọdún 1957; Ekpo Eyo àti Peter Garlake tẹ̀ lé e ní ibòmíràn nínú ìlú. Àyẹ̀wò èédú tí wọ́n bá nínú ilẹ̀ fi hàn pé láàrin nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500 ni ọ̀làjú náà gbilẹ̀. Plato ti kú ní nǹkan bí ọdún 347 ṣáájú ìbí Jésù! Ní Igbó Olókun gan-an, Abídèmí Babalọlá àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní 12,000. Ní ọdún 2017 wọ́n kọ ọ́ jáde pé irú gíláàsì náà kò bá ti àwọn ará Yúróòpù tàbí ti Lárúbáwá mu: Ifẹ̀ ni a ti ṣe é.

Ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ méjèèjì kì í ṣe àjèjì láàrin wa. Thurstan Shaw ka Kíláásíìsì ní Cambridge kí ó tó yà sí ìwalẹ̀pìtàn. Òun ni ó wa ilẹ̀ Igbo-Ukwu, tí iṣẹ́ idẹ ibẹ̀ ti wà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án. Òun náà ni ó wa ihò àpáta Ìwó Elérú ní ọdún 1965, tí ó bá egungun ẹni tí ó ti kú ní ohun tí ó ju 10,000 ọdún lọ. Ìbàdàn ni ó ti kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ náà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní Kíláásíìsì láti ọdún 1948. Christopher Okigbo jáde níbẹ̀. (Ní ọdún 1968, Ọlá Rótìmí fi ìtàn Oedipus ṣe eré ní aṣọ Yorùbá ní Ilé-Ifẹ̀, ní gbọ̀ngàn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Orí Olókun. Mo rò pé Frobenius kò ní mọ ohun tí yóò sọ.)

Kí a má sì di gbogbo ẹ̀bi ru àlejò. Àwa náà ti ṣe bíi tirẹ̀. Samuel Johnson, tí a tẹ ìwé rẹ̀ ní ọdún 1921, wá orísun Yorùbá lọ sí apá Íjíbítì, J. Olúmìdé Lucas, ní ọdún 1948, to ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ti Íjíbítì ìgbàanì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó ní ìyá kan náà ni ó bí wọn. Ìjọra ohùn ọ̀rọ̀ ni ó tẹ̀ lé, bí Frobenius ti tẹ̀ lé ìjọra Olókun àti Poseidon. Àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́ gan-an, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Johnson pàápàá kó ìtàn jọ tí ì bá ti ṣègbé. Ṣùgbọ́n CMS Grammar School tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, tí ó ti wà ní Bàrígà nítòsí wa báyìí, kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Látìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ilé-ìwé kan nígbà náà tí ó kọ́ wọn bí a ti ń ka ilẹ̀. Títí di òní, ọmọ tí ó bá fẹ́ gbọ́ nípa Íjíbítì yóò rí i lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbà. Bí ó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n wà jáde ní Ìta Yemòó, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni yóò lọ wá.