Ìtàn Àpótí Ẹ̀fọ́ ní Kúbà

Bí ẹnì kan bá gbin efinrin sínú ìkòkò fífọ́ lẹ́yìn ilé, a lè rò pé eré lásán ni. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìtàn ilẹ̀ kan tí irú ọ̀gbìn bẹ́ẹ̀ ti ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ nígbà ìyàn.

Kúbà ni ilẹ̀ náà, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ lẹ́rú láyé àtijọ́. Títí di òní, "ewé" náà ni àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ibẹ̀ ń pe ewé.

Kí ọdún 1990 tó dé, ilẹ̀ Sófíẹ́tì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Kúbà ń bá ṣe èyí tó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin òwò rẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ wọn ni epo, ajílẹ̀ oníkẹ́míkà, oògùn apakòkòrò àti katakata ti ń wá. Nígbà tí Sófíẹ́tì túká ní oṣù kejìlá 1991, ẹrù kò dé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Katakata dúró sóko. Ebi dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rù.

Àwọn ará Kúbà ti ní àpótí gígùn tí wọ́n fi ń gbin ẹ̀fọ́ láìlo ilẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀, omi tí a po kẹ́míkà mọ́ ni wọ́n sì fi ń bọ́ irúgbìn. Nígbà tí kẹ́míkà wọ́n, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀, ìgbẹ́ ẹran àti pàǹtírí ìrèké tó ti jẹrà sínú àpótí náà. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni "organopónico". Ní Havana, olú-ìlú wọn, wọ́n ṣe púpọ̀ sí i lórí ilẹ̀ tó ṣófo, títí kan orí ààtàn àtijọ́. Pákó, òkúta tàbí sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ká iyẹ̀pẹ̀ mọ́. Wọ́n gbin létúùsì, tòmátì àti aáyù, wọ́n sì gbin òdòdó àti ewé olóòórùn sí ẹ̀gbẹ́ wọn láti lé kòkòrò.

Ní 1993, ìjọba fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ilẹ̀ láti lò. Ní Alamar, lẹ́bàá Havana, ènìyàn díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ní 1997. Nígbà tó yá, wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún.

Àpótí kò mú gbogbo ìṣòro kúrò: ìrẹsì àti àlìkámà ṣì ń ti òkèèrè wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ tútù padà sọ́jà.

Kí ni ẹ̀kọ́ wa? Iyẹ̀pẹ̀ inú àpótí kéré, ó sì tètè ń ṣá. Ẹni tó bá gbójú lé ajílẹ̀ àrà nìkan, ọjọ́ tí owó rẹ̀ bá wọ́n ni ọgbà rẹ̀ kú. Nítorí náà, ẹ má da ìgbẹ́ adìẹ àti èèpo iṣu nù. Ẹ kó wọn jọ kí wọ́n jẹrà dáadáa, nítorí ìgbẹ́ adìẹ tútù a máa jó irúgbìn. Ẹ po ìdá kan rẹ̀ mọ́ ìdá kan iyẹ̀pẹ̀. Ẹ dá ihò sí ìdí ìkòkò tàbí àpò kí omi má baà dúró, kí ẹ wá gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ tàbí ata. Lẹ́yìn ìkórè kọ̀ọ̀kan, ẹ tún fi ajílẹ̀ kún un. Ẹgbẹ́ yín lè ní òkìtì ajílẹ̀ kan pọ̀.

Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.