Ipa Àkọsílẹ̀ Aláìsàn nínú Ìtàn Oògùn Jẹjẹrẹ: Láti Ìmẹ̀sí-Ilé dé Ìbàdàn

Inú iyàrá àyẹ̀wò àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni a sáábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn oògùn jẹjẹrẹ, ibẹ̀ náà ni a sì ń parí rẹ̀ sí. Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìtàn náà kò pé bí a kò bá ka àkọsílẹ̀ àwọn ilé-ìwòsàn ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ ọn.

Àpẹẹrẹ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Nígbà tí Dókítà David Morley wà ní ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà láàrin 1956 sí 1961, ó tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọdé Ìmẹ̀sí-Ilé. A ń wọ̀n wọ́n léraléra, a sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe jẹjẹrẹ ni ó ń wá. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ohun tí a kò lè rí ní ọjọ́ kan, a ó rí i bí a bá ń tọ ọmọ lẹ́yìn.

Ẹ̀kọ́ kan náà ni jẹjẹrẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé, tí Denis Burkitt ṣàpèjúwe ní Ùgáńdà ní 1958, fi kọ́ àwọn oníṣègùn. Cyclophosphamide, oògùn tí wọ́n ṣe ní Jámánì, a máa mú kí kókó náà súnkì kíákíá. Síbẹ̀, ó ń padà sára ọ̀pọ̀ ọmọ. Àkọsílẹ̀ Ùgáńdà fi hàn pé èyí tí ó bá pẹ́ kí ó tó padà sáábà máa ń gbọ́ oògùn àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá tètè padà kì í sáábà gbóògùn náà mọ́. Oògùn tí ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ ni irú èyí ń fẹ́, bíi vincristine, tí a rí láti ara òdòdó kan tí orírun rẹ̀ jẹ́ Madagásíkà. Ní Ìbàdàn, níbi tí ìforúkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n V. Anomah Ngu, oníṣẹ́-abẹ, fi oògùn wo àrùn yìí. Ní 1972, òun, Burkitt, Burchenal àti Ziegler wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Lasker.

Ó di 1976 kí Juliano àti Ling ní Kánádà tó kéde purotéènì kan lára sẹ́ẹ̀lì tí kò gbóògùn. Ìwádìí ẹ̀yìn rẹ̀ fi yé wa pé ṣe ni ó ń gbọ́n oògùn dànù, bí ọlọ́kọ̀ ti í gbọ́n omi.

Nítorí náà, kí ìdí tó yé ayé ni ìṣẹ̀lẹ̀ ti wà nínú ìwé àwọn ilé-ìwòsàn, nítorí àwọn òbí tí ó gbé ọmọ padà wá fún àyẹ̀wò. Òpìtàn tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn yìí gbọ́dọ̀ tètè wá ìwé wọ̀nyí lọ, kí ikán tó ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.