Práímà: Láti Kírìjì dé Kurmin Gwari

Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí ohùn, tí a wá kọ sílẹ̀ nítorí àwọn tí dátà wọn kò gbé e.

  

Ẹ̀gbọ́n wa kan fi ìbéèrè ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ wọn tó wà ní Texas ra ẹ̀rọ kékeré kan, òfin ibẹ̀ gbà á láàyè, òun ló fi ń tún ọta ìbọn tó ti yìn kún. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ohun roboto kékeré kan tó yẹ kó máa já sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kò já mọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín nínú gúrúùpù pé kí ló kàn wá níbẹ̀. Ó kàn wá o! Ìlú tá a ti ń jẹun yìí ni iléeṣẹ́ ọta ìbọn Nàìjíríà wà. Ohun kékeré yẹn náà ló sì dá àwọn bàbá wa láàmú ní Kírìjì.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ ná. Ọta òde òní, ìyẹn kátíríìjì, ní ẹ̀yà mẹ́rin: agolo idẹ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀tù inú rẹ̀, ọta tó dí i lẹ́nu, àti práímà ní ìdí rẹ̀. Práímà yìí kò fẹ̀ ju mílímítà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Ife kékeré ni, oògùn tó ń bú bí wọ́n bá gbá a ló wà nínú rẹ̀. Tí èèyàn bá fa ìbọn, irin kan á gún práímà nídìí, iná á ṣẹ́, ẹ̀tù á gbaná, ọta á jáde. Bí kò bá sí práímà, bí ẹ̀tù ṣe wù kó pọ̀ tó, jókòó lásán ló jókòó síbẹ̀.

Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Scotland, Alexander Forsyth, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ó fẹ́ràn kó máa yin ẹyẹ. Ìbọn ìgbà yẹn, bíi ṣakabùlà tiwa, akọ òkúta ló ń ṣẹ́ná sí i. Ẹyẹ á ti rí iná kí ọta tó jáde, á fò lọ. Ní 1807 Forsyth gba àṣẹ ìjọba lórí ọgbọ́n tuntun tó fi oògùn tó ń bú rọ́pò òkúta. Nígbà tó yá wọ́n wá dé oògùn náà mọ́ inú fìlà bàbà kékeré. Ní 1866, Edward Boxer ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Hiram Berdan ní Amẹ́ríkà, kálukú lọ́tọ̀, ṣe práímà tó ń wọ ìdí agolo. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ti Boxer ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni Amẹ́ríkà mú, ti Berdan ọmọ Amẹ́ríkà sì ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọta ológun ní Yúróòpù mú. Ọlọ́jà ò mọ ilé.

Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí ọmọ yín kọ́kọ́ wò. Agolo Boxer ní ihò kan láàárín gbùngbùn, ti Berdan ní ihò kéékèèké méjì. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà fún ará ilé ní Amẹ́ríkà, Boxer ni wọ́n ṣe é fún. Tí wọ́n bá ti agolo Berdan bọ̀ ọ́, irin tó ń ti práímà àtijọ́ jáde lè kán. Agolo tó ti ọwọ́ àwọn ológun wá náà ní tirẹ̀: wọ́n máa ń tẹ etí ihò práímà mọ́ra kó má baà yọ, nítorí náà tuntun ò ní fẹ́ wọlé àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ gé etí náà kúrò. Tó bá jẹ́ jíjá gan-an ni kò já, ẹ jẹ́ kó wo ọ̀pá tí wọ́n tò wọ́n sí. Lórí ara wọn ni wọ́n wà, bí owó ẹyọ nínú kóló, ìwúwo ara wọn ló ń tì wọ́n wálẹ̀. Ẹnu ọ̀pá lè ti tẹ̀, ọ̀kan lè ti dojú dé, ó sì lè jẹ́ ẹ̀tù tó dànù ló há sójú ọ̀nà irin tó ń gbé e lọ. Kó tú u, kó nù ún, kó wo ìwọ̀n práímà bóyá ńlá ni àbí kékeré. Ṣùgbọ́n kó má fi agbára tì í o, kó má sì fi irin gún un nínú ọ̀pá! Ọgọ́rùn-ún ló sábà máa ń wà nínú ọ̀pá kan. Bí ọ̀kan bá bú, ìyókù lè bú tẹ̀lé e. Kó wọ awò ojú. Ẹ̀yin tó wà nílé ńkọ́? Òfin Ìbọn ti 1959 kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti máa ṣe ọta fúnra rẹ̀, ẹ má dán an wò.

Ní Kírìjì, wọn ò ní ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ìṣòro yìí náà ni. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1877: Ìbàdàn lábẹ́ Ààrẹ Látòósà, Èkìtìparapọ̀ lábẹ́ Ògèdèǹgbé ará Iléṣà, pẹ̀lú Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí. Ṣakabùlà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú ṣakabùlà, alágbẹ̀dẹ lè tún ìbọn ṣe, ó lè rọ ọta irin, òkúta náà ṣeé wá. Ìgbà tí Èkìtìparapọ̀ wá rí ìbọn tí wọ́n ń ki láti ìdí, Snider àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìró rẹ̀ lójú ogun yàtọ̀, ẹ̀rù sì ba Ìbàdàn gan-an. Ṣùgbọ́n ìbọn tuntun yìí, kátíríìjì tirẹ̀ nìkan ló ń jẹ. Kò sí alágbẹ̀dẹ tó lè rọ práímà. Bí kátíríìjì bá tán, igi ìdáná ni.

Ta ló wá ń rà á? Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin oníṣòwò: àwọn ará Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó ń gbé Èkó ni, àwọn tó ń ṣòwò lẹ́yìn odi. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n ń dáwó, wọ́n ń ra ìbọn àti kátíríìjì, ọ̀nà Oǹdó ni ẹrù ń gbà lọ sílé. Ìbàdàn ní ọmọ ogun tó pọ̀, àmọ́ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti dí ọ̀nà òkun mọ́ ọn. Látòósà kú sí bùdó ogun ní 1885. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, kí wọ́n tó wá tú bùdó ká ní 1893. Èmi ò ní sọ pé kátíríìjì nìkan ló dá ogun náà dúró lójú kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé akíkanjú nìkan ni, kò tíì bi àwọn ará Èkó tó ń dáwó.

Àwọn òyìnbó náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ní 1890 wọ́n ṣe àdéhùn kan ní Brussels pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ìbọn ìgbàlódé àti ọta rẹ̀ wọ apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣakabùlà àti ẹ̀tù lásán ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Ìdí kan nìyẹn tí ọdẹ wa fi ń gbé ṣakabùlà dòní.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n ka ọdún 1964 sí ọdún ńlá. Òfin ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dá DICON sílẹ̀ lọ́dún náà, wọ́n sì kọ́ iléeṣẹ́ rẹ̀ síbí, Kaduna. Fritz Werner ti Jámánì ló bá wọn tò ó. Wọ́n ń ṣe ọta 7.62mm àti 9mm, wọ́n tún ń ṣe ìbọn. Ọdún mẹ́ta péré, ogun abẹ́lé dé. Amẹ́ríkà ní òun ò ní ta ohun ìjà fún ẹnikẹ́ni. Gẹ̀ẹ́sì ń ta ìbọn, ó kọ̀ láti ta ọkọ̀ òfurufú. Rọ́ṣíà ló gbé tirẹ̀ wá sí Kano ní August 1967. Ẹ̀rọ Kaduna ń ṣe ọta ní gbogbo àkókò yẹn. Ní apá kejì, Biafra ní àwọn onímọ̀ tó ń ṣe ohun ìjà tó bú gbàmù, ogbunigwe, síbẹ̀ ọta wọ́n wọn, wọ́n ń kà á lé sójà lọ́wọ́.

Nígbà tí ogun parí, ìjọba tún ń ra nǹkan lókè òkun bí ẹni tí kò ní iléeṣẹ́. DICON bẹ̀rẹ̀ sí í kan àga àti tábìlì kí òṣìṣẹ́ má baà jókòó lásán. Ní 2006 wọ́n gbé ìbọn OBJ-006 jáde, èyí tí wọ́n ṣe bí AK-47, wọ́n fi lẹ́tà orúkọ Ọbásanjọ́ pè é, ìwé ìròyìn sì pariwo rẹ̀. Ní November 2023 Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí òfin DICON tuntun tó gba àwọn iléeṣẹ́ aládàáni láàyè láti bá wọn ṣe é. Ó dáa. Àmọ́ àwa tá à ń gba ọ̀nà Kaduna sí Abuja, tá a mọ ohun tí ojú àwọn èèyàn wa ti rí lọ́nà yẹn, ìbéèrè tèmi kì í ṣe iye ìbọn tí wọ́n ń ṣe ní Kurmin Gwari. Práímà ńkọ́? Ibo ni ẹ̀tù ti ń wá? Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé wọn wá sí Apapa, ọ̀nà Oǹdó la ṣì wà yẹn. Ẹni tó bá ní ará tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, kó jọ̀ọ́, kó bá wa bi wọ́n, kó sì fi ohùn ránṣẹ́.